Oògùn Funfun Tí Ìyá Alágbàfọ̀ Ń Fún Ọkọ Rẹ̀

Ẹnu Ìyá Alágbàfọ̀ kì í sinmi, ẹni tó bá sì sọ pé ẹnu yẹn kò ṣe ọmọ aráyé lóore, aláìmoore gbáà ni. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti ń pín oògùn ẹ̀tẹ̀ ní ilé ìwòsàn, á ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, á fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀ nínú omi ọṣẹ, á wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn tó wà lẹ́yìn ilé náà, níbi tí àwọn aláìsàn ti ń dúró de nọ́ọ̀sì. Kò sẹ́ni tó pè é, kò sì sẹ́ni tó ń fún un ní nǹkan kan. Ibẹ̀ ni èèyàn ti ń rí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ orúkọ ohun tó ń ṣe wọ́n, tí wọ́n fi aṣọ bo ara láti ọrùn dé ẹsẹ̀ nínú ooru, tí wọ́n rọra fi ìdí kan jókòó sí ìkángun bẹ́ǹṣì.

"Sún mọ́ mi dáadáa," á wí. "Ta lò ń sá fún? Bó bá jẹ́ pé o ò fẹ́ ràn mí ni, o ti pẹ́ dé. Èmi ti ṣe tèmi tán." Á wá na ọwọ́ òsì rẹ̀ síta, èyí tí orí ìka àárín rẹ̀ ti gé, á sì bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ gbọ́ bí òun ṣe yan ìka ara òun. Ta ni yóò sọ pé òun kò fẹ́ gbọ́?

Ó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun oníbàárà kan lọ́wọ́ ni ó gbọ́ òórùn. Ó sáré gbé áyọ́ọ̀nù sókè, ó yẹ ṣẹ́ẹ̀tì náà wò níwájú, ó yẹ ẹ́ wò lẹ́yìn, kò rí ojú ibi tó jó. Ó padà sídìí iṣẹ́, òórùn náà kò lọ. Ìgbà tó wo ọwọ́ tó fi ń tẹ́ aṣọ ni ó tó rí i pé ìka òun ló ń jó. Bó bá ti débẹ̀ nínú ìtàn náà, ẹ̀rín ló máa ń rín: "Mo dúpẹ́ pé ṣẹ́ẹ̀tì ò jó. Ẹni tó ni ín, ahun paraku ni!" Ẹni tó ti ń sunkún lórí bẹ́ǹṣì á fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, òun náà á rẹ́rìn-ín.

Bí wọ́n bá ti rẹ́rìn-ín tán, ìwàásù dé. Á sọ fún wọn pé ìtọ̀ wọn yóò pọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé oògùn oṣooṣù mì lójú nọ́ọ̀sì, yóò pọ́n bí omi tí wọ́n fi fọ aṣọ pupa tuntun, kí wọ́n má fòyà. Á ní ara wọn lè dúdú sí i. Ara tirẹ̀ dúdú débi pé ọkọ rẹ̀ ń pariwo kiri ilé pé, "Apọ́nbéporé ni mo fẹ́, wọ́n ti fi adúmáadán pààrọ̀ rẹ̀ fún mi, wọn ò sì gba àfikún kankan lọ́wọ́ mi!" Ẹ̀yìn ìyẹn ni yóò wá sọ ti ibà. Nígbà tó lo oògùn náà dé àárín, ojú rẹ̀ wú, àwọn àbààwọ́n ara rẹ̀ pọ́n, ibà sì dá a wó. Ó fẹ́ dá oògùn dúró, nọ́ọ̀sì ní rárá o. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé fún un pé àwọn kòkòrò tó ti kú sínú ara ni ara ń bá jà, ó fún un ní oògùn mìíràn tí yóò pa ìjà náà, ó sì ní kó máa lo ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ń lò ó lọ, ara rẹ̀ sì yá. Láti ìgbà náà ni Ìyá Alágbàfọ̀ ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ibà tó bá bá oògùn yìí wá, ibà ìṣẹ́gun ni.

Òótọ́ ni gbogbo ohun tó ń sọ. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ì bá ti ju oògùn sínú igbó ló tipasẹ̀ ẹnu rẹ̀ rí ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni ìkìlọ̀ nọ́ọ̀sì pín sí. Ti àkọ́kọ́ ni ohun tí aláìsàn kò gbọdọ̀ bẹ̀rù. Ìkejì ni ohun tó gbọ́dọ̀ sá fún: bí ara bá ń yún un tó ń sú, tí ibà dé, tí ojú pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi ti ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe, kó dá oògùn dúró lójú ẹsẹ̀, kó sáré wá. Kò pọ̀ nínú èèyàn tí èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Kò ṣẹlẹ̀ sí Ìyá Alágbàfọ̀, nítorí náà kò dúró sí i nínú. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan nígbà tirẹ̀, ó sì jò dànù bí omi inú apẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì, tí iṣẹ́ ti wọ̀ lọ́rùn, ti fi ìwàásù orí bẹ́ǹṣì sílẹ̀ fún un díẹ̀díẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ á wá fi apá kejì kún un nídìí tábìlì, bó bá ń fa oògùn lé wọn lọ́wọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó ń rántí.

Bíríkìlà ni ọkọ Ìyá Alágbàfọ̀, Àjànàkú ni gbogbo àdúgbò sì ń pè é. Ó ga, ó sanra, bó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ìyàwó rẹ̀, inú ibẹ̀ á ṣókùnkùn, obìnrin náà á sì pariwo pé, "Ẹ kúrò níbẹ̀ o, ẹ jẹ́ n rí kọ́là tí mò ń lọ̀!" Nígbà tí àìsàn ìyàwó rẹ̀ hàn síta, àwọn ẹbí rẹ̀ wá pé kó dá obìnrin náà padà sílé bàbá rẹ̀. Ó gbọ́ wọn tán, ó ní kí wọ́n jókòó jẹun. Ó bu oúnjẹ sínú àwo kan ṣoṣo, ó pe ìyàwó rẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ jẹ ẹ́ lójú wọn. Wọn kò tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́. Ìyá Alágbàfọ̀ kì í sọ èyí lórí bẹ́ǹṣì.

Ọdún gorí ọdún. Lọ́jọ́ kan tí Àjànàkú ń wẹ̀ lẹ́yìnkùlé, tí ó ní kí ìyàwó òun wá bá òun kín ẹ̀yìn, ni obìnrin náà rí àbààwọ́n kan lábẹ́ èjìká rẹ̀. Ó ṣẹ́ ìgbálẹ̀, ó fi tọ́ ọ.

"Kí ni mo fi kàn yín?"

"O fi nǹkan kàn mí ni?"

Obìnrin mìíràn ì bá ti fi ọwọ́ lé orí. Ìyá Alágbàfọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀ sẹ́gbẹ́ wa. Àgbà ẹgbẹ́ lẹ fẹ́ níyàwó, ẹ ò ní pàdánù." Inú rẹ̀ kò dùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò bà á rárá. Ó mọ ọ̀nà náà dé ìparí, òun ni yóò sì di ọkọ òun lọ́wọ́ mú rìn ín. Ó tilẹ̀ rò ó nínú ara rẹ̀ pé àsìkò ti tó tí òun yóò san oore àwo oúnjẹ náà padà.

Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, ẹ̀rín ni nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ rín. "Bàbá, kí ni mo tún fẹ́ kọ́ yín? Olùkọ́ ń bẹ nílé yín. Ẹ̀kọ́ tí èmi fẹ́ kọ́ yín, ẹ ti gbọ́ ọ kó tó di pé ẹ sùn, ẹ sì gbọ́ ọ nígbà tí ẹ jí." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èrò pọ̀ níta lọ́jọ́ náà, ọmọ kan sì ń ké nínú yàrá kejì. Nọ́ọ̀sì wo Àjànàkú bó ṣe gbé oògùn oṣooṣù mì, ó sì fa oògùn funfun tí yóò máa lò lójoojúmọ́ lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́.

Láràárọ̀, kí Àjànàkú tó lọ síbi iṣẹ́, Ìyá Alágbàfọ̀ á tẹ oògùn funfun náà jáde nínú sáṣẹ́, á gbé omi dání, á ní, "Ẹ la ẹnu." Ọkùnrin yẹn á fajú ro bí ọmọdé, á la ẹnu, á gbé e mì, á sì gbọn orí. Oṣù kan kọjá báyìí láìsí wàhálà. Ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n ní yóò pọ́n, ó sì mọ́ padà.

Nínú oṣù kejì ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Sìmẹ́ńtì ni wọ́n kọ́kọ́ rò pé ó fà á, nítorí ilé ńlá kan ni wọ́n ń rẹ́ lákòókò náà, erùpẹ̀ sìmẹ́ńtì sì ń wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ìyá Alágbàfọ̀ ń fọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, ó ń ṣan án lẹ́ẹ̀mejì, ó ń lọ̀ ọ́. Ara ọkùnrin náà kò yéé yún un. Nǹkan sú sí i láyà, ó sú dé ikùn àti itan. Lẹ́yìn náà ni ibà dé. Ọjọ́ tí Àjànàkú kò lè dìde lọ síbi iṣẹ́, ìyàwó rẹ̀ jáde sí ìta, ó sì sọ fún aládùúgbò rẹ̀ tayọ̀tayọ̀ pé, "Ó ti bẹ̀rẹ̀! Ara ọkọ mi ti ń bá a jà!"

Ẹ má bínú sí i. Bí ìjà tirẹ̀ ṣe rí náà nìyẹn, tàbí ó kéré tán, bó ṣe rò pé ó rí. Òun wú, èyí ń sú. Ojú ni tòun ti bẹ̀rẹ̀, àyà ni ti ọkọ rẹ̀. Bí nǹkan bá ti ń wu èèyàn kó rí bẹ́ẹ̀, ìyàtọ̀ kékeré kì í jọ ọ́ lójú.

"Ìyá Alágbàfọ̀," Àjànàkú wí láàárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tó rí omi àti oògùn lọ́wọ́ rẹ̀, "oògùn yìí ò fẹ́ràn mi o. Jẹ́ kí n sinmi rẹ̀ lónìí."

"Oògùn wo ló fẹ́ràn èèyàn? Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tèmi."

"Tèmi yàtọ̀. Inú egungun ni mo ti ń gbọ́ ọ."

Obìnrin náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ibùsùn, ẹkún sì gbọ̀n ọ́n. "Ẹ fẹ́ kí tiyín náà gé? Ọwọ́ tẹ fi ń rẹ́lé? Ẹ ti rí mi, ẹ mọ ohun tó ṣe mí. Ẹ jọ̀ọ́, nítorí Ọlọ́run, ẹ má jẹ́ kó padà sẹ́yìn." Ọkùnrin náà wò ó pẹ́. Kò gbà á gbọ́ mọ́, èyí hàn lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè wo omijé obìnrin yẹn. Ó la ẹnu.

Ọmọbìnrin wọn, tó wà nílé ọkọ, gbọ́ pé bàbá òun kò lọ síbi iṣẹ́, ó sì wá. Ó wọ yàrá, ó ṣí aṣọ tí wọ́n fi bo bàbá rẹ̀, ó sì fà sẹ́yìn. Awọ ara Àjànàkú ti ń bó lápá àti láyà bí ọ̀dà ògiri tí òjò ti pa. Ètè rẹ̀ ti là.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí Bàbá dá oògùn yìí dúró ná, ká lọ béèrè lọ́wọ́ wọn."

"Kí la fẹ́ béèrè? Ohun tí mò ń kọ́ àwọn ẹlòmíì? Nígbà tí mò ń lo oògùn yìí, ìwọ ò tíì lè di irun orí ara rẹ."

"Mo mọ̀, Màmá, ṣùgbọ́n ẹ wo ojú wọn."

"Mo ti wò ó. Ibà ló wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n máa pín oògùn kù sí dẹ̀dẹ̀, a ó débẹ̀, nọ́ọ̀sì á sì sọ ohun tí mo sọ fún ọ yìí. Lọ gbé omi kaná."

Kò purọ́, ó ti wo ojú náà. Ṣùgbọ́n fèrèsé yàrá yẹn kéré, ó sì ti fi aṣọ dí i kí ìmọ́lẹ̀ má baà yọ aláìsàn lẹ́nu. Ní ti ìtọ̀ ọkọ rẹ̀ tó dúdú pọ́n, tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé dànù, ó ní ṣebí oògùn ló máa ń mú kí ìtọ̀ pọ́n. Pupa ti oògùn oṣooṣù kì í pẹ́ kó tó lọ. Ó mọ èyí, òun ló ń sọ ọ́ lórí bẹ́ǹṣì fún gbogbo ayé. Kò rántí ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀.

Ọmọbìnrin náà gbé omi kaná. Lẹ́yìn ìyẹn, ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde, ó sì lọ síléèwòsàn láìsọ fún ìyá rẹ̀. Òun àti nọ́ọ̀sì ni wọ́n jọ padà wá.

Nọ́ọ̀sì kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ká aṣọ ojú fèrèsé kúrò. Ìmọ́lẹ̀ wọlé, gbogbo wọn sì rí i pé ojú Àjànàkú ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ibi tó yẹ kó funfun nínú rẹ̀ kò funfun mọ́. Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ wá abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, níbi tí kókó ti wú, ó sì yí sí Ìyá Alágbàfọ̀.

"Màmá, ṣé ẹ ṣì ń fún wọn ní funfun yẹn?"

"Ní àárọ̀ yìí náà ni mo fún wọn. N ò fo ọjọ́ kan." Ìgbéraga wà nínú ohùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rí ojú nọ́ọ̀sì.

Nọ́ọ̀sì mú sáṣẹ́ tó wà lórí tábìlì, ó fi í sínú àpò ara rẹ̀. "Mi ò sọ fún wọn," ó ń wí, kò sì jọ pé ẹnikẹ́ni ló ń bá sọ̀rọ̀. "Lọ́jọ́ tí wọ́n wá, mo fi ṣe ẹ̀rín, mi ò sọ ìkìlọ̀ kejì fún wọn." Ó sunkún, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Òun náà ló wá ọkọ̀, òun náà ló di ẹsẹ̀ Àjànàkú mú nígbà tí wọ́n ń gbé e sínú rẹ̀. Ọkùnrin tí kì í gba ẹnu ọ̀nà tẹ́lẹ̀ ti fúyẹ́.

Ní ọsibítù ńlá, dókítà bá wọn sọ̀rọ̀ níwájú ibùsùn. Ó ní ìka ò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ náà ni ara èèyàn. Ọ̀pọ̀ ara ló ń gba oògùn funfun yìí, ọ̀kan lára ọ̀pọ̀ ni kì í gbà á, bí kò bá sì gbà á, á máa ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ bí wọ́n bá ṣe ń lò ó sí i. Ó ní oògùn mìíràn wà tí wọ́n lè fi wo ẹ̀tẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, ṣùgbọ́n ti ẹ̀dọ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ mójú tó báyìí. Ó ní kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni.

"Dókítà," Ìyá Alágbàfọ̀ wí, "ká ní a ti dá a dúró nígbà tí ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún wọn ńkọ́?"

Ọmọdé ni dókítà náà, kò tíì mọ irọ́ pa. "Ì bá sàn ju báyìí lọ, Màmá."

Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń sọ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, kò rí ẹyọ kan mú jáde nínú rẹ̀ fún ara rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kó jẹun, kò jẹ. Nọ́ọ̀sì àdúgbò wọn wá bẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì jókòó tira, kò sẹ́ni tó lè bá èkejì wí, kò sì sẹ́ni tó lè rẹ èkejì lẹ́kún.

Kò sí ohun tí a fẹ́ fi pa mọ́: Àjànàkú kò jáde nínú ọsibítù yẹn láàyè. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́ kọjá ohun tí wọ́n lè ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀sán tó ṣáájú ọjọ́ ikú rẹ̀, ara rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀, ó ń mọ èèyàn. Nọ́ọ̀sì yàrá aláìsàn gbé oògùn àti omi wá, èyí tí wọ́n fi ń mú kí ìbínú ara sí oògùn funfun rọlẹ̀. Àjànàkú pa ètè rẹ̀ pọ̀, ó sì gbọn orí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, eléyìí dára, ẹ gbé e mì."

Ó tún gbọn orí. Ó fi àgbọ̀n júwe ìyàwó rẹ̀. "Òun ni kó fún mi."

Ìyá Alágbàfọ̀ dìde, ó fà sẹ́yìn títí ó fi kan ògiri, ó sì kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. "Kì í ṣe èmi. Ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹni tẹ́ ẹ ní kó kín yín lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi há ọwọ́. Ẹ má gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi mọ́."

"Mo gbọ́ ohun tí dókítà sọ," Àjànàkú wí. Ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Ẹ̀dọ̀ ló ń dùn mí, etí mi ò dùn mí. Gbé e wá."

Nọ́ọ̀sì náà kò mọ ohun tó wà láàárín wọn. Ó kàn fi oògùn sí àtẹ́lẹwọ́ obìnrin náà, ó sì lọ sídìí ibùsùn mìíràn. Ìyá Alágbàfọ̀ dúró, ó ń wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rù bà á lọ́jọ́ náà fún gbogbo ọjọ́ tí ẹ̀rù kò bà á. Nígbà tó yá, ó sún mọ́ ibùsùn. Ó gbé orí ọkọ rẹ̀ lé apá, orí tó ti fúyẹ́, ó sì fi oògùn náà sí i lẹ́nu. Àjànàkú fi omi lé e, ó gbọn orí, ó sì gbé e mì.

"O ṣé," ó wí.

"Ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

"Ta ni kí n wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?" Ó ti ń pa ojú dé. "Mo ní o ṣé."